Ìrù Ọ̀rọ̀

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì buwọ́ lù ú."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu Tòhíbù kó tó mọ̀. Mọpẹ́olúwa gbé bírò kúrò lórí ìwé. Ọ̀gá Nadeem, ọmọ Pakistan tó ni ìsọ̀ mọ́tò náà ní Abu Shagara ní Sharjah, gbójú sókè. Kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó rí i pé oníbàárà òun ti dáwọ́ dúró.

"Kí ló dé?" Mọpẹ́olúwa bi í. Nọ́ọ̀sì ni, Al Qasimia ló ń gbé, Dubai ló ti ń ṣiṣẹ́. Látìgbà tó ti bímọ, bọ́ọ̀sì ti sú u. Mọ́tò Japan kékeré aláwọ̀ eérú tó wà níta ló wù ú.

Mọ́tò fífọ̀ ni wọ́n gba Tòhíbù fún, kì í ṣe ìwé kíkà. Ọ̀gá ló ni visa rẹ̀. Bí ọ̀gá bá bínú lónìí, ó lè dèrò Nàìjíríà kóṣù tó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń nu inú mọ́tò yẹn láàárọ̀, ó rí ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní ọjà gbàǹjo ní Japan. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n túmọ̀ fún obìnrin yìí ní gbogbo nǹkan pé. Nísàlẹ̀ ti Japan, ẹnì kan ti fọwọ́ kọ ọ́ pé: エアバッグ無し.

Rachel ló kọ́ ọ ní ìwọ̀nba ìwé Japan tó mọ̀. Ọmọ Philippines ni, ó lo ọdún mẹ́jọ nílé iṣẹ́ mọ́tò ní Nagoya kó tó wá di akọ̀wé níbí. Bí oòrùn ọ̀sán bá le jù, á pe Tòhíbù wọ ọ́fíìsì, á ní kó mú ìwé. Oríṣi ìkọ̀wé mẹ́ta ni wọ́n ń lò pọ̀ ní Japan, ló wí. Èyí tó ní igun ṣóńṣó ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ àyálò. Ìyẹn ò ni ín lára: táyà tiwa, taiya ni wọ́n pè é. Èyí tó ká kọ́rọkọ̀rọ wà fún ìparí ọ̀rọ̀ àtàwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ̀kẹta, onílà púpọ̀, ẹyọ kan péré lè gbé ìtumọ̀ odidi ọ̀rọ̀, wọ́n sì ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Wọn ò tíì rìn jìnnà nínú ìyẹn tí Rachel fi padà sílé ní Cebu lọ tọ́jú ìyá rẹ̀.

Tòhíbù ti ka ọ̀rọ̀ àyálò náà: ẹ́àbáàgì, àpò tó ń wú jáde gba awakọ̀ sílẹ̀ bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan. Ṣé ó wà ni, àbí kò sí? Onílà púpọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí obìnrin náà mú bírò ló tó rántí ohun tí Rachel wí: "Bó ò bá mọ orí, wo ìrù. Ari, ó wà. Nashi, kò sí." Ìrù tibí rí bí ìwọ̀ ẹja. Shi ni, ti nashi.

"Kò sí ẹ́àbáàgì nínú mọ́tò yìí, Àǹtí. Ìwé Japan ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣó dá ẹ lójú?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i wò."

Ó sọ ọ́ fún ọ̀gá lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá Nadeem wò ó títí. "Ìgbà wo lo di ará Japan?" Ó tún wo ojú obìnrin náà. "Khalas, ó parí. Ẹ ṣí i."

Mẹkáníìkì tú àárín sítiárìn. Fóòmù tí wọ́n gé ni wọ́n kì síbẹ̀.

Ọ̀gá Nadeem fa fóònù yọ, ó pe ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn ń wa ọ̀kan nínú mọ́tò tó bá èyí dé. Ó ní kó páàkì síbi tó bá wà, kó má wà á mọ́. Lẹ́yìn náà ló di Tòhíbù léjìká mú. "Shukran," ló fi dúpẹ́.

Mọpẹ́olúwa ń nu ojú. "Àbúrò mi, èmi àtọmọ mi lo yọ nínú ewu. Ẹni rere ò ní wọ́n ẹ."

"Àmín, Àǹtí. Rachel ló kọ́ mi, òun ni kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ o."

"Pè é fún mi, mo fẹ́ rí i."

Ojú Rachel yọ lórí fóònù, ìyá arúgbó kan jókòó tì í. Tòhíbù ròyìn gbogbo rẹ̀. Rachel bo ẹnu, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ìyá mi nìyí," ó wí. "Tún un sọ kí wọ́n gbọ́."

Tòhíbù wá Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi kí ìyá náà, kò rí èyí tó tó. Ó bá dọ̀bálẹ̀ níwájú fóònù, lórí táìlì ọ́fíìsì.

"Màmá," ó wí, "ẹ kú ọmọ títọ́."

Ìyá náà ò gbọ́ èdè rẹ̀, àmọ́ ó tẹ orí ba, ó sì gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀.