Igbe Tó Gba Àmì Ẹ̀yẹ

Ẹni tó bá ní fíìmù kì í pani lára, kó lọ bi Adébímpé léèrè ní etídò, níbi tó ti ń yan ẹja. Àmọ́ kó má bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ẹ̀rín o, nítorí ẹ̀rín ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀.

Ọlágbénró, ọkọ rẹ̀, kì í ṣe òṣèré. Apẹja ni, ọmọ Ìlàjẹ tó ń fi odò Warri jẹun. Nígbà tí àwọn onífíìmù dé sí etídò wọn, wọ́n ní kó wá ṣe apẹja tí jàǹdùkú kan máa lù, ìran kan ṣoṣo péré. Benjamin ará Ugborikoko, òṣèré tí gbogbo ìlú mọ̀, ni jàǹdùkú náà. Lọ́jọ́ ìdánrawò, Benjamin ranjú, ó ń fẹ imú, Ọlágbénró sì bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Benjamin fi í sínú. Ìgbà tí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló fi àjẹ̀ ọkọ̀ lu ọmọ ọlọ́mọ lálùbami.

Wọ́n ti kọ́ Ọlágbénró pé "Oga, abeg" ni kó wí. Ohun tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ìyá Fìyìn, gbà mí o!" Adébímpé, ìyá Fìyìnfólúwa, dúró lẹ́yìn kámẹ́rà lọ́jọ́ náà. Olùdarí ti ní kí ẹnikẹ́ni má mira, kò sì mira. Ó rò pé eré ni. Ilé ni wọ́n dé kó tó mọ̀ pé egungun ìhà ọkọ òun ti kán. Ó sunkún, ó bú ara rẹ̀, ó ní òun kò tún ní í dúró wòran láé.

Fíìmù náà lọ síbi ìdíje àgbáyé lókè òkun. Benjamin ti sọ káàkiri Ekpan pé òun ni òṣèrékùnrin tó máa peregedé. Ọbẹ̀ kò tíì jinná, ó ti ń lá ṣíbí! Ó gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá wá sí etídò, níbi tí wọ́n ti ya fíìmù náà gan-an, ó wọ aṣọ funfun báláú, ó pe ayé pé kí wọ́n wá wo òun.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kéde rẹ̀. Obìnrin arúgbó tó ṣe olórí àwọn adájọ́ ní àwọn kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí nínú fíìmù kankan. Ló bá pe orúkọ Ọlágbénró.

Háà! Etídò dàrú. "Ìran kan ṣoṣo? Àwọn adájọ́ yìí ti mutí yó!" "Ọlọ́run ló ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀!" Àwọn kan gbé Ọlágbénró sórí èjìká, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú Benjamin. Ni Patience, tí òun àti Adébímpé jọ ń ta ẹja, bá lọgun pé, "Benjamin, na the man wey you beat don beat you so!"

Ẹ̀rín ta. Benjamin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ó yá," ló wí, ó sì fa àjẹ̀ yọ nínú ọkọ̀ ojú omi kan. "Olóríire, jẹ́ ká tún un ṣe kí wọ́n rí i."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìhà mi kò tíì san."

"Do am! Do am!" ni èrò ń ké. Fóònù gbogbo wọn lọ sókè.

Àjẹ̀ àkọ́kọ́ balẹ̀ sí èjìká, èkejì balẹ̀ sórí. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú Ọlágbénró. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

"Eré kọ́ o!" Adébímpé figbe ta. "Ó ń pa á o!"

"Ẹ gbọ́, ìyàwó náà mọ eré ṣe!" ni ẹnìkan wí. Patience di ìró rẹ̀ mú ṣinṣin. "Mama Fìyìn, no spoil am now. Na acting."

Ọlágbénró wó lulẹ̀. "Ìyá Fìyìn, gbà mí o!" Gbogbo èrò sì bá a wí i pọ̀, torí wọ́n ti wo ìpolówó fíìmù náà lórí fóònù títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n sórí.

Ojú Adébímpé ṣú. Ó fi ìró sílẹ̀ fún Patience, ó fa àjẹ̀ mìíràn yọ, ó sì là á mọ́ Benjamin lọ́rùn ọwọ́. Egungun ró káú. Ó tún là á mọ́ ọn lẹ́nu, eyín dà sílẹ̀ sínú iyanrìn. Benjamin ṣubú, ó ń pọ ẹ̀jẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Adébímpé kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kankan. Ó lù ú títí kò fi lè dìde mọ́. Ariwo àtẹ́wọ́ ń dún lálá.

Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan.

"Ìyá Fìyìn, ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, Bàbá Fìyìn. Mo gbọ́ yín lọ́tẹ̀ yìí."

Ọkùnrin kan yọ jáde láàárín èrò, ó na fóònù sí i lójú. "Madam, abeg, do am again. My phone no catch am."

Adébímpé wò ó. Ó rọra gbé orí ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì mú àjẹ̀. Ọkùnrin náà gbé fóònù rẹ̀ dáadáa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ṣetán.