Ìyí Pẹ̀lẹ́ fún Bàbá Látẹ̀jú

Ẹ̀yin akọrin, ẹ fi ìwé orin yín sílẹ̀ ná, kí n rọ́ àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná fún yín kí wọ́n tó gbé òkú wọlé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Inú mi ò dùn rárá.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé Bàbá Látẹ̀jú tí a fẹ́ sin lónìí ló kọ́ mi ní dùùrù. Ẹ rántí àpótí onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù rẹ̀, tí sípíkà ń yí nínú rẹ̀ bíi fáànù, tí ohùn á máa lọ, tí á máa bọ̀. Èmi ni mo la ẹnu mi sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n gbé e jù síta, pé kíbọ́ọ̀dù tuntun ti ní bọ́tìnì ìyí tirẹ̀ nínú, tí ń mú ohùn lọ bọ̀ bákan náà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹ̀yìn ilé àlùfáà ni wọ́n gbé e jù sí, ewúrẹ́ sì ń sùn nínú rẹ̀. Bàbá kò bá mi jà. Kò kàn wá sí ìdánrawò mọ́ títí ó fi kú.

Lánàá, láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti kíbọ́ọ̀dù, tí mò ń wá ohùn àpótí yẹn fún orin ìsìnkú. Mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún, kò jọ ọ́. Bí oorun ṣe gbé mi lọ nìyẹn.

Ni kíbọ́ọ̀dù bá la ẹnu, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, o ò tíì gba ìwé àṣẹ ìyí."

Mo ní, "Háà, níbo ni wọ́n ti ń gbà á?"

Ó ní kí n wòkè. Lóòótọ́, ọ́fíìsì kan léfòó sójú ọ̀run, tòun ti tábìlì àti kàlẹ́ńdà. Mo fi eyín kíbọ́ọ̀dù ṣe àtẹ̀gùn, mò ń gun funfun, mò ń gun dúdú, títí mo fi dé ibẹ̀. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Kí lo fẹ́ yí?"

"Ohùn dùùrù ni, sà."

"Pẹ̀lẹ́ ni àbí kíkankíkan?"

"Kíkankíkan, sà. Kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́."

Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé náà. Kí n tó na ọwọ́ gbà á, ó ti di òbúkọ, ó sì ń jẹ ìwé ọ̀hún. Mo ní, "Ẹ rọra jẹ ẹ́, sà, òǹtẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbẹ." Ọ̀gá ṣáà ni, bó tilẹ̀ di òbúkọ.

Ọ́fíìsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo wò yí ká, àfi inú àpótí Bàbá Látẹ̀jú! Koríko ewúrẹ́ wà nílẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ jókòó sórí sípíkà tòun ti aṣọ òkú lára, ó ń yí fìì, fìì. Bó bá kọjú sí mi, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó bá kẹ̀yìn, ohùn náà á lọ.

"Goróyè, òòyì ń kọ́ mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Ta ló ń sọ ti ìbínú? Kí ni mo kọ́ ọ? Ìyí pẹ̀lẹ́ la fi ń kọrin. Àmín nìkan ló ni kíkankíkan, a ó sì dẹwọ́ kó tó dákẹ́. Ìwọ ò dẹwọ́ fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀?"

Mo wá bọ́tìnì tí mo lè fi dẹ ìyí náà títí. Òbúkọ ti jẹ òun náà. Mò ń sunkún, Bàbá ń yí, ó ń pe orúkọ mi lọ, ó ń pè é bọ̀, títí mo fi ta jí.

Fáànù ló ń yí níwájú mi. Nọ́ńbà kẹta ni mo gbé e sí kí n tó sùn. Mo sún mọ́ ọn, mo pe "Bàbá" sínú rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe lọ́mọdé, ohùn mi sì gbọ̀n jáde. Ẹnu ìyẹn ni mo wà tí wọ́n fi mú iná lọ. Fáànù ò dúró lójijì. Ó rọra ń dẹwọ́, ohùn mi náà ń dẹwọ́ pẹ̀lú rẹ̀, ó sì jọ ti àpótí yẹn gan-an.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, bí a bá dé Àmín, ẹ má sáré dákẹ́. Ẹ dúró dè mí, kí n dẹwọ́ fún Bàbá, kí ó lè sọ̀ kalẹ̀.