Ohun Tí Luqman Kà Nínú Ìwé Ìyàwó Rẹ̀

Ibi tí Chérifath ti ń lọ ata ni ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ ti bà á. Kò tíì mọ ohun tó ṣe tí èkejì fi balẹ̀ sí ẹnu rẹ̀, tí eyín kan já sínú ata. Luqman ọkọ rẹ̀ dúró lé e lórí, ìwé àjákọ Chérifath lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì.

Ó ń ka ohun tí fóònù túmọ̀ fún un. “Mo dúró dè ọ́. Mo wá ọ. Mo rí ọ.” Ó wá bi í pé: “Ta lò ń dúró dè, Chérifath?”

Ìwé tó fi ń kọ́ èdè Sípéènì ni. Wassila ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ránṣọ ní Malabo, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè náà, ó sì ní kí àbúrò òun wá bá òun ṣiṣẹ́. Luqman fọwọ́ sí i. Òun náà ló kúkú ti Ṣakí kọjá ààlà wá ta epo bẹntiróòlù ní Bantè. Ó mọ ohun tí àjò ń ṣe fún èèyàn. Láti ìgbà òjò ni Chérifath ti ń lọ sí Savalou ní gbogbo Sátidé, lọ́dọ̀ Mùsé Maximin tó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Abẹ́ máńgòrò iwájú ilé ni wọ́n ti ń kàwé, níṣojú Antoinette ìyàwó olùkọ́.

Iṣẹ́ náà le. Ní èdè tirẹ̀, ẹni tí a rí ló ń tẹ̀lé rírí: mo rí ọ. Sípéènì ti ẹni náà síwájú: te vi. Ọ̀rọ̀ ìṣe tún gbọ́dọ̀ yí ìdí padà kí èèyàn tó mọ̀ pé nǹkan náà ti kọjá. Olùkọ́ ní kó kọ ogún gbólóhùn látinú ìwé òun. Nígbà tó kọ ọ́ tán, olùkọ́ fi bíírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: muy bien, ó dára gan-an.

Bíírò pupa yẹn ló ká Luqman lára jù.

“Bàbá Fàthíà, iṣẹ́ ilé ni,” Chérifath sọ, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. “Ohun tó ti kọjá ni mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ.”

“Ó ti kọjá? Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?”

Ó gbá a nírun mú, ó fi orí rẹ̀ gbá ògiri. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìrẹsì tó jóná ló torí ẹ̀ ṣẹ́ ìka rẹ̀ kan. Nígbà tí ojú Chérifath là, ilẹ̀kùn ti wà ní títì, àdá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kò sí níbẹ̀ mọ́, alùpùpù Luqman sì ti ń dún lọ lójú ọ̀nà Savalou.

Ó pe olùkọ́ títí, kò gbé e. Ó fi ọmọ ọlọ fọ́ fèrèsé, ó bẹ́ síta. Ọlọ́kadà tó gbé e rò pé ilé ìwòsàn ló ń lọ. Chérifath ní Savalou ni, kó máa sáré.

Ariwo Antoinette ló kọ́kọ́ gbọ́. Maximin wà nílẹ̀ lábẹ́ máńgòrò. Ó ti gbé ọwọ́ bo orí, àdá sì ti bá ọwọ́ náà; ìka méjì wà nínú yanrìn. Antoinette rọ̀ mọ́ Luqman lẹ́yìn, ọkùnrin náà ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un láyà, ó sì tún ń gbé àdá sókè. Chérifath rí ọmọ odó tí wọ́n fẹ́ fi gúnyán. Ó gbé e, ó là á mọ́ apá ọkọ rẹ̀, egungun sì dún. Àdá bọ́. Ó là á mọ́ orúnkún rẹ̀, Luqman ṣubú. Ó gbé ọmọ odó sókè lẹ́ẹ̀kẹta, orí ló ń wò. Antoinette ló di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Má pa á,” ó ní. “Tóo bá pa á, ìwọ ni wọ́n máa tì mọ́lé.”

Àwọn aládùúgbò sáré dé, wọ́n ń pariwo lédè Mahi, wọ́n so Luqman lókùn, wọ́n sì gbé Maximin lọ sílé ìwòsàn. Lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní ṣáńdámù, Antoinette mú ìwé tí ọkọ rẹ̀ fi ń kọ́ni wá. Gbólóhùn wọ̀nyẹn wà níbẹ̀ ní títẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Luqman wò ó pẹ́, ó bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà, àṣìgbọ́ ni gbogbo ayé ń pe ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Luqman wá láti Ṣakí, àgbàlagbà obìnrin, ó kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún adájọ́ pé ìwé ló tan ọmọ òun jẹ. Chérifath gbé e dìde, kò ṣèlérí kankan. Nígbà tí adájọ́ sì bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ ká ní ó gbọ́ Sípéènì, ó dìde dúró.

“Kò gbọ́ Sípéènì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ká ní lẹ́tà ìfẹ́ ni mo kọ, ṣé ó yẹ kó gé ọwọ́ èèyàn?”

Wọ́n rán Luqman lọ sẹ́wọ̀n. Níta, ìyá rẹ̀ kọjá lára Chérifath, kò kí i.

Chérifath kò padà sílé Bantè. Ó lọ bá Fàthíà ọmọ rẹ̀ ní Akpassi lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀. Ọmọ náà wo àlàfo ẹnu rẹ̀.

“Ìyá mi, ṣé ó ń dùn yín?”

“Ó ń dùn mí,” Chérifath sọ, ó sì fà á mọ́ra.