Ilé Yìí Kì Í Ṣe Títà

Inú eruku ni ojú àwọn méjèèjì ti ṣe mẹ́rin. Gbogbo àdúgbò ló tú jáde ní Igando lọ́jọ́ náà láti wòran bí wọ́n ṣe ń wó ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, èyí tí èèyàn ti máa ń rí àgbélébùú orí rẹ̀ láti Egan. Bí àgbélébùú ṣe já lulẹ̀, tí àwọn onísùtánà figbe ta, Olúwagbénga gbójú sókè, ó sì rí omidan onísùtánà kan tí kò wọ bàtà, omijé ń dán lójú rẹ̀ bí ìrì ìdájí. Ọkàn Gbénga fò lọ.

"Sístà, ẹ rọra o, ìṣó wà nílẹ̀."

"Ṣé kí n wá wọ bàtà sí sùtánà ni? Ẹ bá mi ṣa ìṣó náà jàre, tí àánú mi bá ń ṣe yín."

Gbénga bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ìṣó níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Omidan náà ní Títílọpẹ́ ni òun ń jẹ́.

Ibẹ̀ ni ara Gbénga ti tutù. Ilé olórùlé páànù tó ti dípẹtà, tí sàárè bàbá Títí wà níwájú rẹ̀: nọ́ńbà ilé náà gan-an ló wà lára lẹ́tà tí wọ́n ní kí Gbénga wá fi jíṣẹ́, tó wà lápò rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ilé alájà ló rán an. Àbúrò bàbá Títí ti ta ilé náà. Lẹ́tà náà ní kí ìyá àti ọmọ kó jáde kí oṣù tó parí.

Kò lè jíṣẹ́ náà. Ó di ọ̀la, ọ̀la tún di ọ̀la. Á ní òun ń lọ fún wọn ní lẹ́tà, á sì jókòó ti Títí.

"Páànù wa nìkan ló ń dán níbí tẹ́lẹ̀," ni Títí wí. "Wá wo bí alájà mẹ́rin ṣe yí wa ká. Ó di ọ̀sán gangan ká tó rí oòrùn."

"Ìwọ ni oòrùn tèmi."

"Ẹnu dùn-ún ròfọ́!"

Ìyá rẹ̀ gbé agolo ọ̀dà pupa jáde. "Gbénga, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dáa. Òjò ti fẹ́ fọ ọ̀rọ̀ ara ògiri wa tán. Tí kò bá hàn mọ́, wọ́n á ní a fẹ́ tà á ni."

Gbénga gun àpótí, lẹ́tà wà lápò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sára ògiri: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

"Kọ ọ́ kó tóbi ṣá, kí wọ́n rí i látòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ opó, ilé kò ní gbà á, ọ̀nà kò ní gbà á."

"Àmín, mà," ni Gbénga wí.

Nígbà tí oṣù parí, katapílà dún lórí títì. Gbénga sáré dé. Títí jókòó sórí sàárè bàbá rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Wọ́n ti tún wá kó àwókù ṣọ́ọ̀ṣì," ni ó wí. "Kí ló dé tí o ń sáré?"

Gbénga fi ọwọ́ sápò, ó yọ lẹ́tà náà jáde. Ọ̀dà pupa ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Títí, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi."

Títí rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti ń retí lẹ́tà ìfẹ́. Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba lẹ́tà náà.