Tẹlifíṣọ̀n Tí Reino Fẹ́ Fi Bẹ Doreen

Láti ìgbà tí Reino Salmela ti ta ilé kékeré wọn tó wà létí adágún ni ìyàwó rẹ̀ kò ti wo ojú rẹ̀ mọ́. Bí ó bá ń bá a sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ, Doreen á dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ á sì tutù bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á wà lára fèrèsé, tàbí lára fìríìjì, ibi kan ṣáá tí Reino kò sí. Ó ti di oṣù karùn-ún báyìí. Ọkùnrin tó fi ọdún méjìdínlógójì ṣiṣẹ́ nínú kòtò ìwakùsà irin ní Hibbing ìlú wa, tí òkúta já lù lẹ́ẹ̀mejì tí kò ké, òun ni oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́ nítorí pé obìnrin kan yí ojú. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ọ̀hún gan-an ni Reino ń wá tí kò rí.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí kò kúkú bi í. Háà! Ẹ ò mọ àwa ará ibí nìyẹn. Ní ìlú wa, bí àlejò bá wọlé tí wọ́n fi kọfí lọ̀ ọ́, á ní rárá o, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Wọ́n á tún fi lọ̀ ọ́, á tún ní rárá, òun ti mu tòun nílé. Ìgbà kẹta ló máa tó ní, ó dáa, tó bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n bu díẹ̀ fún òun. Ẹni tó bá gbà nígbà àkọ́kọ́, ọ̀kánjúà ni. Ẹni tó bá sì fi lọni lẹ́ẹ̀mejì péré tó gbé ìkòkò kọfí rẹ̀ padà, ahun ni. Wọn ò ní sọ fún un, ṣùgbọ́n wọ́n á máa rántí títí wọ́n á fi sin ín. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe tọ́ àwọn ọmọ wa.

Nígbà tí Reino fẹ́ ta ilé etí adágún, ó bi Doreen. Doreen ní kó ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú rẹ̀. Ó tún bi í. Ó ní èyí tó bá ṣe náà ti dáa. Kò bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Orúnkún rẹ̀ kò gba àtẹ̀gùn ibẹ̀ mọ́, ẹni tó fẹ́ rà á sì ti ń pe fóònù láràárọ̀. Ó bá tọwọ́ bọ̀wé. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Doreen bẹ̀rẹ̀ sí í yí ojú. Kí ni ẹ̀yin náà ì bá rò? Ohun tí Reino rò náà nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdíje họ́kì orí yìnyín ti àwọn ọmọ iléèwé girama bẹ̀rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ilé wọn kú. Ìlà dúdú kan là á lágbedeméjì láàárọ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti ṣókùnkùn biribiri. Reino kò banú jẹ́. Inú rẹ̀ dùn ni, kí n má parọ́. Ìdíje yẹn ni Doreen fẹ́ràn jù láyé. Obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ yẹn ló máa ń bú rẹfirí bí ẹni bú olè. Ogójì ọdún ni wọ́n ti fi ń jókòó sórí àga gígùn kan ṣoṣo wò ó, ẹsẹ̀ Doreen lórí itan Reino. Ẹnu Reino kò mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń fi bẹ̀. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé tẹlifíṣọ̀n yìí ni òun máa fi bẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ pé Doreen fúnra rẹ̀ ló máa yàn án, bóyá ojú tó yí á padà síbi tó wà.

"Doreen, wọ kóòtù ẹ, ká lọ wo tẹlifíṣọ̀n."

"Tẹlifíṣọ̀n kẹ̀? Má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu. Rédíò ṣì wà."

"Họ́kì ku ọ̀sẹ̀ méjì."

"Wọ́n ń sọ ìyẹn náà lórí rédíò."

"Ìwọ ni mo fẹ́ kó yàn án. Èyí tó bá ti wù ẹ́."

Doreen kọjú sí fìríìjì.

"Ó dáa. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ jáde tẹ́lẹ̀."

Yìnyín ti di òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, Doreen na ọwọ́, ó di apá Reino mú, ó dì í mú gírígírí, kò sì jù ú sílẹ̀ títí wọ́n fi wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Reino rọra ń rìn bí ẹni gbé ẹyin. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí obìnrin yìí ti fọwọ́ kàn án báyẹn. Ó ní ẹ̀bẹ̀ ti ń wọlé nìyí, kí wọ́n tiẹ̀ tó ra nǹkan kan.

Àwọn tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri láti ìhín dé ọ̀hún, ẹja aláràbarà kan náà ń wẹ̀ nínú gbogbo wọn. Obìnrin tó ń tà á, Brenda lorúkọ rẹ̀, ó ti lé láàádọ́ta ọdún, ẹnu rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ káàbọ̀ mà. Kí lẹ fẹ́ ká gbé sí mọ́tò fún yín lónìí?"

"À kàn ń wò ó ni," Reino ní.

Brenda rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìlú wa ni. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti múra àtirà. "Ẹ máa wò ó, sà. Wíwò ò lówó lórí. Báwo ni pálọ̀ yín ṣe tóbi sí?"

"Kò tóbi. Kò sì kéré."

"Ẹ ti là mí lọ́yẹ̀ gan-an, sà."

Doreen rẹ́rìn-ín sí èyí. Ẹ̀rín rẹ̀ dùn mọ́ Reino nínú, ó bá túra ká. Brenda mú wọn kiri. Ó ní dúdú tèyí dúdú dénú, ó dára fún ẹni tó máa ń pa iná wò ó. Tọ̀hún mọ́lẹ̀ jù ú lọ, oòrùn ọ̀sán kò ní pa àwòrán ẹ̀ rẹ́. Èyí tó wà lókè yẹn, ẹwà ló ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti yànmùyánmú lọ. Reino ń bi í léèrè bíi lọ́yà: ṣé bọ́ọ̀lù họ́kì kékeré yẹn á hàn tí wọ́n bá gbá a tagbáratagbára? Ṣé yìnyín á funfun, àbí á pọ́n bí ògì àgbàdo? Ó ń yí padà sí Doreen lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ ohun tó rò. Kàkà kí Doreen wo tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀gbẹ́ ló ń wò, ibi tí wọ́n kó wáyà sí. Kódà níbí!

Brenda lọ sẹ́yìn láti lọ wo èyí tó wà ní yàrá ẹrù. Ó ku àwọn méjèèjì níwájú tábìlì kan tí tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta wà lórí rẹ̀.

"Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí," Reino ní, "èwo ló wù ẹ́?"

"Gbogbo wọn ló dáa."

"Yan ọ̀kan, jọ̀ọ́."

Doreen na ọwọ́ sí tọwọ́ ọ̀tún. "Èyí. Mo fẹ́ràn èyí. Àwòrán ẹ̀ mọ́ tónítóní."

Reino wò ó. Ẹnìkan ti fi nǹkan gbá tẹlifíṣọ̀n yẹn láàárín gbùngbùn. Ó ti là bí okùn aláǹtakùn, ó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ, wọ́n sì lẹ bébà funfun mọ́ ojú ibi tó là náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ti bàjẹ́, kì í ṣe títà. Etí rẹ̀ nìkan ni ẹja ti ń wẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí Reino lọ́kàn ni pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín. Ó ní obìnrin yìí ti bá òun wá dé gbangba láti wá sọ fún òun pé ohun tó ti bàjẹ́ ni òun lè rà fún un. Oṣù márùn-ún ru sókè nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Doreen, bó o bá ń bínú sí mi, sọ ọ́! Sọ ọ́ sí mi létí, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ìbínú kẹ̀? Kí ni mo ṣe?"

"Kí ló wà láàárín tẹlifíṣọ̀n yẹn?"

Ọwọ́ tí Doreen nà kò tíì sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹja," ó ní, jẹ́jẹ́.

Ara Reino bù máṣọ. Ó gbá ọwọ́ náà mú, ó fi í sábẹ́ apá ara rẹ̀, wọ́n sì bọ́ síta. Brenda pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó lanu pé òun ti rí i, ó wo ojú Reino, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Nínú mọ́tò, Reino kò tíì ṣíná. Èémí wọn ń ṣe kùrukùru lára gíláàsì.

"Láti ìgbà wo?" Reino ní.

"Oṣù kẹsàn-án."

"Oṣù kẹsàn-án! Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún ẹ. Mo ní ojú mi ń ṣe bàìbàì. O ní ká lọ rí dókítà, mo ní má yọra ẹ lẹ́nu. O tún ní ká lọ, mo ní rárá. Ọ̀sẹ̀ tó ò ń kó ẹrù kúrò létí adágún ni."

Reino rántí. Orí àkàbà ló wà lọ́jọ́ náà, ó ń tú ìkọ́ aṣọ fèrèsé. Ó bi í lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún tẹjú mọ́ ìṣó tó ń tú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Doreen kò dákẹ́ o. Òun ni kò bèèrè dé ẹ̀ẹ̀kẹta.

"Carol wá bi mí," Doreen ní. Carol ni aládùúgbò wọn. "Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Duluth. Dókítà ní àárín ojú òsì ti lọ, kò sí ohun tó lè dá a padà. Ó ní tọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ abẹ́rẹ́ lè dá a dúró síbi tó dé."

"Abẹ́rẹ́ níbo?"

"Nínú ojú, Reino. Níbo ni wọ́n tún ń gún ojú sí? Oṣooṣù ni. Mo ti gba méjì, Carol bá sá fún òtútù lọ sí Arizona bó ṣe máa ń ṣe."

Carol ti lọ láti oṣù kọkànlá. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ojú kan ṣoṣo tó kù fi ń kú lọ nínú ilé tí òun ń gbé, tí òun ń bínú sí fìríìjì.

"Mo rò pé ilé tí mo tà lo torí ẹ̀ bínú," ó ní.

"Ilé wo? Ilé ẹ̀fọn yẹn?" Ẹ̀rín já mọ́ Doreen lẹ́nu, ẹ̀rín gidi. "Ogójì ọdún ni mo fi ń họra níbẹ̀! Inú ẹ ló ń dùn síbẹ̀, ni mo ṣe ń tẹ̀lé ẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ tó o tà á."

"Ṣùgbọ́n o kì í wo ojú mi mọ́."

Doreen mí kanlẹ̀. "Tí mo bá wò ẹ́ ní ọ̀kánkán, kò sí orí lọ́rùn ẹ. Òkùnkùn ló jókòó síbẹ̀. Àfi tí mo bá wo ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń rí ẹ díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjú sí fìríìjì, ìwọ ni mò ń wò. Mò ń wò ẹ́ kí n lè rántí."

Omijé bọ́ lójú Reino. Kò nù ún. Ọkùnrin náà sunkún bí ọmọdé, èjìká rẹ̀ ń mì, Doreen sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Nígbà tó tó àkókò kan, ó fi ọwọ́ kóòtù nu imú.

"Jẹ́ n máa gbé ẹ lọ sí Duluth."

"Rárá o. O ò rí bí yìnyín ṣe pọ̀ lójú ọ̀nà ni? Orúnkún ẹ náà ńkọ́?"

"Doreen, jẹ́ n máa gbé ẹ lọ."

"Oṣooṣù ni, Reino. Títí ayé ni. Kí lo fẹ́ fi gbogbo wàhálà yẹn ṣe? Mo ti mọ ọ̀nà inú ilé."

Lójú Reino, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọfí. Ẹni tó ti ní rárá lẹ́ẹ̀mejì, tó sì sọ ìdí tó fi ní rárá, ó dà bí ìwọ̀sí láti tún bi í. Ó ṣíná sí mọ́tò, ẹ́ńjìnnì dáhùn, ó sì yí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ sí apá ọ̀nà ilé.

Doreen kọjú sí fèrèsé, sí òkìtì yìnyín tó wà lẹ́bàá títì.

"Reino."

"Hùn?"

"Bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i."