Ohun tí Etí Òsì Gbọ́

"Ìwọ lo ba dùùrù yìí jẹ́," ni olùkọ́ orin wí lójú akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá. Ó tún tẹ ohùn kan náà, ó gbé etí òsì sún mọ́ ọn. "Ó ti ga jù. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Fàále ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pe bàbá tó ń tún okùn dùùrù fà. Ó wo àwọn ọmọ náà, ó wo olùkọ́. "Mo gbọ́, ọ̀gá."

Ọgbọ̀n ọdún ni olùkọ́ yìí ti ń kọ́ni ní orin àwọn ará àtijọ́, tó sì ń kọ orin tirẹ̀ sílẹ̀. Etí ló gbé e dépò. Ó máa ń fọ́nnu pé bí eṣinṣin bá bà lé okùn dùùrù, òun á mọ okùn tó bà lé. Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ fi dùùrù àtijọ́ yẹn gbé orin rẹ̀ tuntun jáde, kò sì ní í gbà kí ẹnikẹ́ni bà á jẹ́. Ó kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti ní kí Fàále, àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, máa lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ olùkọ́ lóbìnrin, tí yóò kọ orin náà, pè é lórí fóònù, ó ń kọ ọ́ fún un gbọ́. Apá ọ̀tún ro bàbá rẹ̀, ó bá gbé fóònù sí etí òsì.

"Kí ló dé tó o gbé ohùn sókè?"

"Mi ò gbé e sókè, Dádì."

"Di ohùn kan ṣoṣo mú." Ó gbé fóònù sí ọ̀tún, ó gbé e sí òsì. Ọmọ kan, ẹnu kan, ohùn méjì. Dùùrù kò ṣẹ̀, Fàále kò ṣẹ̀. Etí tó fi ń jẹun ló dà á. Ojú tì í débi pé ó pa fóònù láìdágbére.

Ó kọ́kọ́ rò ó pé kí òun panu mọ́. Ta ni yóò tún jókòó gbọ́rọ̀ orin lẹ́nu olùkọ́ tí etí rẹ̀ ń parọ́ fún un? Àmọ́ ó rántí ìwé tó kọ sí ọ̀gá àgbà. Ó bá gbọ̀nà ilé Fàále.

Ó bá a níwájú ilé, ó ń fi òróró nu irinṣẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Etí mi ni."

"Mo mọ̀," ni Fàále wí.

"Láti ìgbà wo?" ni olùkọ́ bi í.

"Ó ti tó ọdún kan. Bí ẹ bá fetí òsì gbọ́ ọ, ẹ ó ní ó ga jù. Bí ẹ bá fetí ọ̀tún gbọ́ ọ, ẹ ó ní ó dáa. Mo kàn máa ń ṣe bí ẹni tó ń tún un fà títí ẹ ó fi gbé etí ọ̀tún sún mọ́ ọn ni, n kì í fọwọ́ kàn án."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ lánàá?"

"Níwájú àwọn ọmọ yẹn?" Fàále mi orí. "Iṣẹ́ yín ni etí yín, ọ̀gá."

Ó ṣe olùkọ́ bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ẹni tó fi wọ́lẹ̀ lójú ọmọdé ló ti ń bo àṣírí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà yín," ó ní. "Àwọn méjìlá yẹn ṣì wà ní kíláàsì. Tí a bá kúrò níbẹ̀, a ó lọ bá ọ̀gá àgbà."

"Ẹ fẹ́ sọ fún wọn?"

"Ojú wọn ni mo ti bú yín."

Fàále wọlé lọ mú bàtà. Olùkọ́ kó àwọn irinṣẹ́ náà sínú àpò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé àpò náà kọ́ èjìká ara rẹ̀, ó sì dúró dè é.