Kéèsì Àtijọ́ fún Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ kéèsì dáadáa! Ó máa gbà," ni ìyàwó tuntun náà wí. Ó ti dìde lórí àga.

"Tó bá kán ńkọ́?" ni ayàwòrán bi í.

Kọ̀ǹpútà tí ayàwòrán fi ń ṣiṣẹ́ ti kú. Mẹ́mọ́rì pẹlẹbẹ tó yọ nínú rẹ̀ ló kù, inú rẹ̀ ni àwòrán ìgbéyàwó obìnrin yìí wà, ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà sì wà nínú wọn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyá kú. Kò sí àwòrán wọn mìíràn, torí ìyá àti kámẹ́rà kì í ṣọ̀rẹ́ rárá.

Nítorí pé kọ̀ǹpútà kejì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ti darúgbó, ayàwòrán rò pé kéèsì àtijọ́, àpótí kékeré oníwaya tí wọ́n ń ki mẹ́mọ́rì sí láti fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ló máa bá a mu. Ó ra ọ̀kan láìmú mẹ́mọ́rì dání, bí ẹni tó lọ ra bàtà tó gbàgbé ẹsẹ̀ sílé. Ní báyìí, ibi tí ẹnu mẹ́mọ́rì ti ní àlàfo, òdìkejì rẹ̀ ni eyín kéèsì wà.

"Ẹ jẹ́ n fi ọ̀bẹ gé eyín yẹn."

"Ọ̀bẹ kẹ̀? Gbọ́ mi, ìyàwó. Inú kéèsì ló gbọ́dọ̀ bá mẹ́mọ́rì mu. Orí waya nìkan ló kan kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo ṣì í rà."

Ó mú mẹ́mọ́rì dání lọ́tẹ̀ yìí, ó sáré sọdá títì lọ pààrọ̀ kéèsì. Èyí tó gbé dé gba mẹ́mọ́rì wẹ́rẹ́, orí waya rẹ̀ sì wọ iwájú kọ̀ǹpútà. Àfi bí ọ̀rọ̀ ṣe yọ lójú kọ̀ǹpútà pé òun ní láti nu mẹ́mọ́rì náà mọ́ kó tó ṣeé lò.

"Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni! Ẹ ní kó ṣe é!" Ìyàwó ti nawọ́ sí máòsì.

"Má fọwọ́ kàn án!" Ayàwòrán gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Gbogbo ẹ̀ ló máa pa rẹ́."

Ó yọ waya. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé iná tó ń gba iwájú arúgbó kọ̀ǹpútà yìí kò lágbára mọ́. Ó rá wọ abẹ́ tábìlì, ó ki waya bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó dìde. Nígbà tó yá, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá hàn. Wọ́n ya ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ojú wọn sì dì pátápátá. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ayàwòrán kì í fún oníbàárà. Jíjù ló máa ń jù ú nù. Ìtìjú mú un.

"Mo lè bá ẹ fi kọ̀ǹpútà la ojú wọn," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìyàwó ti ń sunkún. "Ẹ má là á o. Bí ẹ̀rín bá ti inú ìyá mi wá, ojú wọn kì í là."

Ayàwòrán gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì.